Ohun Tí Ojú Mi Rí Lọ́wọ́ Tírélà Tóóró

Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ tírélà akẹ́rù kékeré di yàrá tí mọ́tò ń fà rìnrìn àjò yóò rí ìmọ̀ràn gbà lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí iná sólà àti lórí ọ̀dà títí yóò fi sú u. Ìmọ̀ràn lórí fífẹ̀ tírélà náà gan-an ni kò wọ́pọ̀, pàápàá fún àwa tí ààyè kò gbà láti lo èyí tí ó fẹ̀. Ìdí méjì ni tèmi fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tóóró. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé tí yóò gbà dé ibi tí mo fẹ́ máa gbé e sí kò gba ohun tí ó fẹ̀ ju mọ́tò kékeré lọ, mọ́tò tí yóò sì máa fà á kì í ṣe alágbára. Tírélà tí kò bá fẹ̀ ju mọ́tò tí ó ń fà á lọ kì í fi àyà kọ atẹ́gùn púpọ̀, nítorí náà epo tí ó ń mú kí mọ́tò jó kò tó ti èyí tí ó fẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì lè máa fi dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rí ẹ̀yìn láìwá dígí gígùn mìíràn so mọ́ ọn. Òfin Yúróòpù gbà kí tírélà fẹ̀ tó mítà 2.55, ti Amẹ́ríkà sì lè tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi mítà 2.6. Èmi kò lè ju sẹ̀ǹtímítà 170 lọ.

Mo rò pé bí mo bá ti di iye yẹn mú, ìyókù kò ní le. Àmọ́ iye tí àwọn olùtà ń kọ sára ọjà wọn ni ó kọ́kọ́ dà mí láàmú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé tírélà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ìta àpótí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wí. Inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ àpótí ni táyà ọ̀pọ̀ tírélà tóóró máa ń wà, tí máàdígáàdì yóò sì yọ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀kan tí mo lọ wò, sẹ̀ǹtímítà 152 ni àpótí rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo na tépù láti etí máàdígáàdì kan dé èkejì, ó ti lé ní mítà méjì. Mo ká tépù mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á, mo bá ọ̀nà mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá irú rẹ̀, ìwọ̀n méjì ni kí ẹ máa béèrè: ibi tí ó yọ jù lọ láti òde, àti ògiri sí ògiri láti inú. Ìwọ̀n tí olùtà kọ sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tírélà kí n tó wo inú rẹ̀, nítorí ibi tí táyà wà ni ó ń pinnu gbogbo nǹkan yòókù. Bí táyà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ilẹ̀ inú tírélà á sún mọ́ títì, kò sì ní máa fì, ṣùgbọ́n máàdígáàdì á jẹ ààyè tí ènìyàn ì bá fi sùn. Bí ó bá wà lábẹ́ àpótí pátápátá, àpótí náà lè fẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà rẹ gbà á dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ á ga, gbogbo ẹrù tí o bá kó sínú rẹ̀ á bá a ga, ohun tí ó ga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yà nílẹ̀ ni kọ́nà àti atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tètè ń dojú rẹ̀ dé. Ọ̀nà kẹta ni pé kí táyà wọ inú àpótí díẹ̀, kí wọ́n fi irin bò ó láti inú, kí ó yọ sókè bí ìjókòó kékeré ní apá méjèèjì. Àwọn tí ń kó ẹrù kò fẹ́ràn èyí rárá, nítorí pé ó ń gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó fẹ́ sùn fẹ́ fi ilẹ̀ títẹ́jú láti ògiri dé ògiri ṣe? Bẹ́ẹ̀dì yóò bo ọ̀kan, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná yóò bo èkejì, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé táyà wà níbẹ̀. Ohun tí akẹ́rù ń sá fún yìí gan-an ni mo wá ń wá kiri.

Mo wo àlòkù lọ bíi rẹẹrẹ kí n tó gbà pé mo máa ní kí wọ́n kàn án fún mi ni. Ìwáàkiri yẹn kò já sí asán, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti mọ bí a ṣe ń yẹ tírélà wò. Táyà tírélà máa ń gbó lórí ìdúró ju lórí ìrìn lọ. Eyín rẹ̀ lè ṣì hàn gbangba kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti là. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àkọlé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára táyà ni kí ẹ kà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún, tí ó fi jẹ́ pé 2316 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Bí táyà bá jẹ nínú tí kò jẹ lóde, ẹ fura sí ọ̀pá irin tí ó so táyà méjèèjì pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti tẹ̀. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú jáàkì, ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bí bẹ́rìn bá ń kùn tàbí tí táyà ń mì lọ́tùn-ún lósì, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu súkúrúdíráfà tẹ pákó ilẹ̀ ní igun ẹ̀bá ìlẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń kọ́kọ́ mú kí ó rà. Ọ̀kan wà tí ẹni tó ni ín ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun sí, tí ó sì ń rán mi létí kápẹ́ẹ̀tì náà ṣáá bí ẹni pé òun ni mo wá rà. Mo ṣí igun rẹ̀ kan, súkúrúdíráfà wọ pákó abẹ́ rẹ̀ bí ẹni gún búrẹ́dì lábẹ.

Kí n tó fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya tírélà náà sílẹ̀ bí yóò ṣe tóbi gẹ́lẹ́, mo sì gba gbogbo ẹni tí ó bá ń ronú irú iṣẹ́ yìí níyànjú pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 170 ni ìta rẹ̀. Mo yọ nínípọn irin ìhà rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tí ó di ògiri àti òrùlé mú bí egungun ìhà, kúrò nínú iye yẹn, mo yọ ti fóòmù tí yóò dí otútù àti ooru, mo yọ ti pákó pẹlẹbẹ tí yóò bo gbogbo rẹ̀, ó wá ku nǹkan bíi 160 fún mi láti gbé inú rẹ̀. Mo ga ju ìyẹn lọ, nítorí náà bẹ́ẹ̀dì kò lè dábùú, òòró ni yóò gbà. Mo fún bẹ́ẹ̀dì ní 75, mo fún kọ́bọ́ọ̀dù ní 35, 50 ni ó kù fún ẹsẹ̀. Lórí ìwé, 50 kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to páálí sí ibi tí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù máa wà, tí mo dúró láàárín wọn tí mo gbé ẹsẹ̀ kan láti wọ ṣòkòtò, ìdí mi kan páálí lẹ́yìn, orúnkún mi kan páálí níwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú bàtà nílẹ̀, páálí dà wó. Ohun tí mo ṣe sí i ni pé mo gé kọ́bọ́ọ̀dù kúrú, kí ó má ṣe dé ẹnu ìlẹ̀kùn, kí ààyè bíi sẹ̀ǹtímítà 85 lè wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè dúró sí wọṣọ, kí ó sì yí ara padà. Ààyè kékeré yẹn ni ó mú kí tírélà náà ṣeé gbé. Àwọn àwòrán tí a ń rí níbi gbogbo kò lè fi èyí hàn, nítorí pé kámẹ́rà tí ń mú ibi tóóró fẹ̀ lójú ni wọ́n fi ń yà wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń wọ ṣòkòtò nínú wọn. Ní ti ẹni méjì tí ó bá fẹ́ sùn nínú irú rẹ̀, gbogbo fífẹ̀ apá ẹ̀yìn ni yóò di bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ó sùn mọ́ ògiri yóò sì máa gun ẹnì kejì kọjá bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n lóru. Kí wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó kan pákó.

Wẹ́dà tí ó kan ilé irin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Mo kọ ọ́ pé àpótí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní 170, ó sì fẹ̀ ní 170 lóòótọ́. Iná kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àgbékọ́ ìlẹ̀kùn àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn wá yọ síta kọjá ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di ọ̀rọ̀ pé "ìwọ lo ní 170". Gbólóhùn tí ó yẹ kí ó wà lórí ìwé ni pé kí ohunkóhun má ṣe yọ kọjá iye báyìí, ìbáà ṣe ìṣó. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí ó rọrùn láti béèrè kí wọ́n tó fi alumíníọ̀mù bò ó, tí ó sì máa ń nira lẹ́yìn náà: férémù irin ní ibi tí fèrèsé àti fáànù òrùlé máa wà, irin ìhà tí ó sún mọ́ra ní ibi tí a máa gbé kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ sí, àti bíréèkì lára táyà. Bíréèkì yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi wá ìdúnàádúrà. Ní Yúróòpù, tírélà tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ti lè kọjá kílò 750 gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, yàrá orí táyà tí a bá sì ti kó pákó, bátìrì àti omi sínú rẹ̀ máa ń yára dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ìlẹ̀kùn tírélà akẹ́rù, láti òde ni a ń tì í. Irin gbọọrọ kan ni yóò wọ ihò rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, a óò sì fi àgádágodo sí i. Ẹrù kì í ṣílẹ̀kùn láti inú, nítorí náà kò sí ẹni tí ó rò ó pé ó yẹ kí ó ṣeé ṣí láti inú. Mo wà nínú rẹ̀ níbi tí mo ti ń wọn pákó nígbà tí atẹ́gùn gbá ìlẹ̀kùn náà dé, irin òde sì já bọ́ sínú ihò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ariwo ni mo pa títí ẹnì kan fi gbọ́. Bí iná ìdáná bá ń jó nínú ibẹ̀ ńkọ́? Mo ju ìdè náà nù, mo fi irú èyí tí a ń lò fún ìlẹ̀kùn ilé rọ́pò rẹ̀, tí a lè ṣí láti inú kódà bí a bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti òde, mo sì mú fèrèsé tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tóbi tó kí ara mi lè gbà á jáde. Mo gba ara mi kọjá nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn kí n tó gbà pé ó tóbi tó.

Nígbà tí mo ń gé alumíníọ̀mù fún fèrèsé, mo bẹ̀rù omi òjò, mo sì gba ìmọ̀ràn tó dára lórí ìyẹn: tépù rọ́bà dúdú tí ń lẹ̀ bí oje igi ni kí a fi sábẹ́ férémù fèrèsé, kí a dè é pinpin títí yóò fi máa yọ ní etí, kí a gé èyí tí ó yọ dànù. Sílíkóònù tí ó yá gbogbo ènìyàn lára láti fà yí etí ká kò dára níbẹ̀, nítorí bí ó bá ṣí lẹ́yìn náà, kò sí gọ́ọ̀mù mìíràn tí yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti kàn. Òjò kò wọlé. Omi tí ó dé bá mi, inú ni ó ti wá. Ní òru tí otútù mú díẹ̀, mo jí, omi ń kán sí mi níwájú orí. Mo tan iná, mo rí i pé ó tò sórí òrùlé ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, ìlà kọ̀ọ̀kan lábẹ́ irin ìhà kan. Mo ti fi fóòmù dí àárín àwọn irin náà dáadáa, ṣùgbọ́n mo kan pákó mọ́ irin fúnra rẹ̀, otútù òde wá gba inú irin dé ara pákó, èémí mi sì ń di omi níbẹ̀. Nínú yàrá tí kò fẹ̀, èémí ẹnì kan ṣoṣo tó láti rin gbogbo ògiri kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tú pákó òrùlé sílẹ̀, mo fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú irin kọ̀ọ̀kan, mo tún un kàn. Ó jẹ gíga díẹ̀ lórí mi, ṣùgbọ́n ó dára jù bẹ́ẹ̀. Mo tún fi fáànù sí òrùlé; ihò tí ọ̀pọ̀ irú fáànù bẹ́ẹ̀ ń lò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 níbùú àti lóòró. Fáànù yẹn kò ní ṣe nǹkan kan bí atẹ́gùn kò bá ní ibi tí yóò gbà wọlé nísàlẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi fèrèsé kan sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, àní nígbà otútù.

Bí mo ti ń sọ ti atẹ́gùn yìí, kí n sọ ti gáàsì pọ̀ mọ́ ọn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń wá bí ó bá ń jò, nítorí náà ihò tí yóò gbà jáde gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, ohun tí yóò sì pariwo bí ó bá jò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Èéfín olóró tí iná ń mú jáde, èyí tí kò ní òórùn tí a kò sì lè fojú rí, ní ohun tí ń pariwo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ra méjèèjì. Sílíńdà gáàsì fúnra rẹ̀ kò bá mi gbé inú yàrá. Ìta ni ó wà, níwájú, lórí ọ̀pá ìfà.

Ìrìn àkọ́kọ́ ni mo fi mọ̀ pé ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì ju bí ẹrù ti pọ̀ tó lọ. Mo ti gbé táǹkì omi sí ẹ̀yìn pátápátá, nítorí pé ibẹ̀ ni ààyè wà, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Lójú títì gbọọrọ, bí mo ti ń sáré díẹ̀, ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo wo dígí, tírélà ń jó lọ sọ́tùn-ún, ó ń jó bọ̀ wá sósì. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà náà ni pé kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná mọ́tò, kí ó di ìdarí mú gbọn-in láìfi gbá ijó náà, kí ó jẹ́ kí eré rẹ̀ ṣá fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì lè rí tírélà rẹ̀ níwájú. Ohun tí ó fa ijó náà ni pé imú tírélà fúyẹ́ jù lórí ìkọ́ tí ó so ó mọ́ ìdí mọ́tò. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí wọ́n ń gbani níyànjú pé kí imú fi tẹ ìkọ́ jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n gbogbo tírélà. Iye tí a ń lò ní Yúróòpù kéré sí ìyẹn, ìkọ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan sì ní òpin tirẹ̀ tí a kọ sára rẹ̀. Mo gbé táǹkì omi wá sí orí táyà gan-an, mo gbé imú lé òṣùwọ̀n, ó sì wọ ààlà.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ọ̀tún àti òsì náà ní ẹ̀tọ́ sí òṣùwọ̀n. Nínú yàrá tóóró, bẹ́ẹ̀dì tí kò ju pákó àti fóòmù lọ ni yóò wà lápá kan, ìdáná, omi, bátìrì àti ìkòkò yóò sì kóra jọ sí apá kejì. Mo wọn táyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ìyàtọ̀ wọn sì bà mí lẹ́rù. Bátìrì ni mo kọ́kọ́ gbé lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fíúùsì rẹ̀ sì bá a lọ, nítorí pé ẹnu bátìrì gan-an ni fíúùsì yẹ kí ó wà, kì í ṣe ibi tí wáyà parí sí. Àpótí irinṣẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ń ya tírélà tirẹ̀ lórí ìwé, kí ó kọ kílò sí ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọ sẹ̀ǹtímítà.

Fífi rìfáàsì wọlé ni ó pẹ́ jù kí n tó mọ̀. Tírélà tí ó fẹ̀ ju mọ́tò lọ máa ń hàn nínú dígí méjèèjì nígbà gbogbo, awakọ̀ yóò sì mọ ibi tí ó kọjú sí. Tèmi kì í hàn rárá bí ó bá wà lẹ́yìn mi gbọnrangandan. Ìgbà tí etí rẹ̀ bá fi yọ nínú dígí kan, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà, tírélà kúkúrú sì máa ń yà kíákíá títí tí igun rẹ̀ yóò fi fẹ́ kan ìdí mọ́tò. Mo ra ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ń tẹ̀ láìṣẹ́, mo so aṣọ pupa mọ́ orí wọn, mo ṣe ihò sí igun ẹ̀yìn méjèèjì tí mo lè kì wọ́n bọ̀ kí n sì yọ wọ́n bí mo bá ṣe tán, wọ́n sì ń yọ síta tó kí n lè máa rí wọn nínú dígí. Èyí ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo ní kí wẹ́dà fi irin kún ọ̀pá ìfà iwájú kí ó gùn sí i, nítorí bí ọ̀pá náà bá ti gùn tó ni tírélà ń fara balẹ̀ tó kí ó tó yà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá ìfà bá gùn sí i, imú yóò fúyẹ́ sí i lórí ìkọ́ bí ẹrù kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Nítorí náà mo tún gbé e padà sórí òṣùwọ̀n, mo sì ti bátìrì síwájú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ìwọ̀n rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò.